Ìgò Mẹ́ta Tí Mo Fọ̀ fún Jẹ́jẹ́

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kẹ́místírì le, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pín tábìlì kan rí. Kẹ́místírì fúnra rẹ̀ kò le. Ohun tó wà nínú ìwé, tí èèyàn bá kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò wọlé, àní sí olórí kunkun bíi tèmi. Apòògùn ni mí lónìí, aṣọ funfun ló wà lọ́rùn mi, ó sì ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti kúrò nílé-ìwé girama. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣì ń dùn mí bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kẹ́místírì pẹ̀lú wa, a jẹ́ méjìlélógún ní kíláàsì. Tíṣà wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ṣòkòtò méjì ló ní, méjèèjì ló sì ní ihò wẹ́wẹ́ tí ásíìdì jẹ. Kò sí ọjọ́ tí kì í sọ pé, "Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o kọ." Bí o bá ní omi inú ìgò ti pọ́n, yóò ní, "Ṣé ojú rẹ ló rí i, àbí ẹnì kan ló sọ fún ọ?" A wá sọ ọ́ ní Ohun-Tójú-Rí. Ó mọ̀ pé orúkọ tí à ń pè é lẹ́yìn nìyẹn, kò sì bínú sí wa rárá.

Òun náà lẹ́nu. Òun ló sọ mí ní Kíákíá. Lọ́jọ́ kejì tí a wọ yàrá àyẹ̀wò, kó tó parí àlàyé, mo ti rọ omi sínú ìgò, mo ti dà á nù, mo ti fọ ìgò méjì, mo sì ti fọ́ ẹ̀kẹta. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ, Kíákíá, ilé ta ló ń jó?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò tíì ṣí ìwé, tó ṣì ń nu tábìlì ní tirẹ̀ bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ ìkókó. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, Jẹ́jẹ́? Ṣé o máa bá wa débẹ̀ lọ́dún yìí?" Orúkọ mọ́ àwa méjèèjì lára láti ọjọ́ náà. Ó ní kí a máa jókòó pọ̀ nídìí tábìlì kẹrin, kí Jẹ́jẹ́ lè máa fà mí lápá, kí èmi lè máa tì í lẹ́yìn.

Báyìí la ṣe di ọ̀rẹ́, mi ò sì sọ ọ̀rẹ́ orí ahọ́n. Jẹ́jẹ́ kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ bíríkìlà, ló tọ́ ọ dàgbà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé-ìtajà páànù. Jẹ́jẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jí, yóò se oúnjẹ, yóò gbọn sìmẹ́ńtì kúrò lára aṣọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tó fẹsẹ̀ rìn wá sílé-ìwé. Lọ́jọ́ Sátidé, yóò máa bá a pọn omi níbi iṣẹ́. Èmi náà, ọjọ́ Sátidé, ìdí iṣẹ́ ìyá mi ni mo máa ń wà. Nítorí náà, ilé-ìwé àti ojú ọ̀nà nìkan la ti ń ríra.

Ojú ọ̀nà yẹn náà tó wa. Bí a bá ń lọ sílé, èmi a máa nàka sí nǹkan, òun a máa sọ lẹ́tà tí kẹ́místírì fi ń pè é. Irin ojú fèrèsé. Wáyà orí òpó. Páànù orí ilé. Yóò dúró, yóò ronú, yóò wá sọ ọ́, kò sì ní ṣì í. Bó bá yí i padà sí mi, mo máa ti dáhùn kó tó béèrè tán, ìdajì rẹ̀ á sì jẹ́ irọ́. Mo ṣàríyànjiyàn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan pé kò yẹ kí wọ́n fi K pe pọtásíọ́ọ̀mù, pé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń dà á láàmú. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀rín rẹ̀ gan-an, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ ìyá mi, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọṣẹ olómi ni ìyá mi ń ṣe tà. Ike ńlá mẹ́ta ló wà nínú àgbàlá wa, ìgò òfìfo sì pọ̀ níbẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fọ ìgò. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá mi ní: bí o bá ti fi omi fọ ìgò tán, bu ọṣẹ díẹ̀ sí i, yí i po, dà á padà sínú ike, kí o tó wá rọ ọṣẹ kún un. Ó ní omi tó kù nídìí ìgò máa ń ba ọṣẹ jẹ́, oníbàárà á sì wá sọ pé a bu omi lù ú. "Ohun tó máa wọ ìgò ni kí o fi ṣan ìgò." Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ṣe é, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí Ọlọ́run dá. Mo lè máa bá èèyàn jà lẹ́nu kí ọwọ́ mi máa ṣe é lọ.

Lọ́dún kejì, Ohun-Tójú-Rí kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi ásíìdì wá agbára álíkálì. Búrẹ́tì ni ọ̀pá dígí gígùn kan tó dúró lóòró, tó ní ẹ̀rọ kékeré nídìí. Ásíìdì ló ń gbé inú rẹ̀. Pípẹ́tì la fi ń fa álíkálì, ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, sínú ìgò kan tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí a ń pè ní kọ́níkà. A ó wá kán omi-atọ́ka sí i lẹ́ẹ̀mejì. Omi-atọ́ka yìí kò ní àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n bó bá ti fara kan álíkálì, kíá ló máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn náà, ìwọ á máa kán ásíìdì sí i láti òkè, ìwọ á máa mi ìgò náà, títí ẹ̀kán kan á fi bọ́ tí gbogbo pupa yẹn á pòórá. Ìwọ á ka ìwọ̀n ásíìdì tó ti jáde, ìwọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo máa ṣe é, nínú kọ́níkà mẹ́ta.

Tíṣà ní kí a fi ásíìdì ṣan búrẹ́tì, kí a sì fi álíkálì ṣan pípẹ́tì. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi, mo ní ìyá mi ti di tíṣà kẹ́místírì láìmọ̀. Ṣùgbọ́n Ohun-Tójú-Rí na ìka sókè. "Kọ́níkà ńkọ́? Omi lásán! Bí ẹ bá fi álíkálì ṣàn án, èyí tó bá kù sára rẹ̀ á lé lórí èyí tí pípẹ́tì wọ̀n. Iṣẹ́ yín ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ ohun tó bà á jẹ́." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fa ìlà méjì sí i nídìí. Orí mi mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ ọwọ́ mi kò lọ sílé-ìwé.

Ká má parọ́, mo mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ìkánjú mi di ìrọ̀rùn ọwọ́ nídìí búrẹ́tì. N kò fọ́ nǹkan mọ́, n kò sì ṣi nǹkan kà. Jẹ́jẹ́ sì wà ní tirẹ̀, ojú rẹ̀ á sún mọ́ búrẹ́tì, a máa dúró de ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń retí àlejò. Nígbà tí èmi bá ti ṣe tán tí mo sì ti ń kọrin nídìí ẹ̀rọ omi, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìgò kejì. Mo máa ń fi ṣẹ̀sín pé ásíìdì á ti sun lọ kó tó kan ìsàlẹ̀. Òun a ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ohun tó bá sì kọ sílẹ̀, ẹ lè fi búra.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí a jáde, obìnrin apòògùn kan wá bá wa láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn. Aṣọ funfun tó wọ̀ kò ní àbàwọ́n kan, gègé méjì wà ní àpò àyà rẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ mú ọmọ kan láti ilé-ìwé wa, àwọn yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìpòògùn, àwọn yóò bọ́ ọ, àwọn yóò fún un ní ibùsùn títí yóò fi parí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù lọ nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe kẹ́místírì ni. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí mo-mọ-èèyàn. Kó tó sọ ọ́ tán, gbogbo kíláàsì ti yíjú sí Jẹ́jẹ́.

Ìgbà tí a dé ojú ọ̀nà ni Jẹ́jẹ́ tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ti ní bí òun bá jáde, òun á lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí wọn tó jẹ́ télọ̀, ìrìn ọjọ́ méjì sí ibi tí a wà, kí òun máa bá a tọ́jú ọmọ kí òun sì máa kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi ìkà sọ ọ́. Ẹ̀yìn ti ń dun òun alára, kò sì lè dá a gbé mọ́. "Ṣùgbọ́n bí mo bá rí àyè yìí gbà," Jẹ́jẹ́ ní, "ó ní kí n lọ."

"Bí o bá rí i gbà?" mo ní. "Ta ló tún fẹ́ gbà á?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, ó wu èmi náà. Aṣọ funfun yẹn wọ̀ mí lójú débi pé mo lá àlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ní ìyá, mo ní ilé, mo ní ọṣẹ tí mo lè máa tà. Jẹ́jẹ́ kò ní ju ọjọ́ ìdánwò kan yẹn lọ. Mo gbé ìfẹ́ tèmi ti sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè.

Búrẹ́tì mọ́kànlá péré ni ilé-ìwé wa ní, nítorí náà ìpín méjì la máa ń ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe nídìí tábìlì kan ni yóò fọ gbogbo ohun èlò sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi wà nínú ìpín àkọ́kọ́, ní tábìlì kẹrin. Jẹ́jẹ́ wà nínú ìpín kejì, ní tábìlì kẹrin kan náà. Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé ìpín wa mọ́ ara ògiri, a dì mọ́ra. Ó ní inú òun dùn pé ọwọ́ mi ni òun á ti gba ìgò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin apòògùn yẹn jókòó sí ọwọ́ iwájú, òun àti alábòójútó kan tí a kò mọ̀ rí. Ara mi balẹ̀. Mo ṣe tèmi, mo rí 24.10, 24.00, àti 24.10. Mo ṣírò, mo fi ìwé sílẹ̀, ó sì ku ogún ìṣẹ́jú. Mo wá gbájú mọ́ ìfọ̀. Mo fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ bá tábìlì náà lọ́nà tí kò fi ní sí ohun tó máa fún un níṣẹ́ ṣe ju pé kó bẹ̀rẹ̀. Mo fọ búrẹ́tì, mo fi ásíìdì ṣàn án. Mo fọ pípẹ́tì, mo fi álíkálì ṣàn án. Mo fọ kọ́níkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi omi ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń rò ó bó ṣe máa wọ aṣọ funfun, bó ṣe máa pẹ́ kó tó de bọ́tìnnì rẹ̀ tán, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi bu álíkálì tó ṣẹ́kù, ó rọ díẹ̀ sínú kọ́níkà kìn-ín-ní, ó yí i po, ó dà á nù. Ó ṣe èkejì. Ó ṣe ẹ̀kẹta. Mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo nu ara wọn dán, mo jáde.

A pàdé lẹ́nu ọ̀nà. A kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, torí náà ó kàn fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ mi, ó wọlé. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi lóde. Mo ń gbàdúrà fún un, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: mo ń gbàdúrà.

Lọ́jọ́ kẹta, Ohun-Tójú-Rí pe èmi àti Jẹ́jẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin apòògùn wà níbẹ̀, ìwé wa wà níwájú rẹ̀. Ojú tíṣà kò dára. Ó gbé ìwé Jẹ́jẹ́ sókè, ó kà á sókè: 25.70, 25.40, 25.10. "Gbogbo kíláàsì wà ní mẹ́rìnlélógún àti díẹ̀. Èmi alára ṣe é, mo rí mẹ́rìnlélógún àti díẹ̀. Tìrẹ kò jọ ti ẹnikẹ́ni, wọn kò tilẹ̀ jọra wọn. Jẹ́jẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ, sà."

"Ṣé ìgò rẹ mọ́?"

Jẹ́jẹ́ kò wo ojú mi. "Wọ́n ti fọ̀ ọ́ kí n tó dé, sà. Ó mọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Mo rí ọwọ́ ara mi bí ẹni wo ọwọ́ ẹlòmíràn, mo rí i tó ń bu álíkálì, tó ń yí ìgò po, bí mo ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ Sátidé nídìí ike ọṣẹ. Mo la ẹnu mi. Obìnrin apòògùn náà sì yíjú sí mi, ó na ọwọ́, ó ní, "Ìwọ lo ṣe ipò kìn-ín-ní. A kí ọ o." Mo gba ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi aṣọ bo egbò. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí ta ni yóò gbà pé mo ba iṣẹ́ ẹnì kan jẹ́ láìmọ̀ kí n tó gba ipò rẹ̀? Ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè. Nígbà tí a jáde, Jẹ́jẹ́ dì mọ́ mi, ó ní, "Mo yọ̀ fún ọ." Ojú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìyẹn pa mí ju kó bú mi lọ.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Ìyá mi gbé ìgò fún mi. Mo fọ ọ̀kan, mo bu ọṣẹ sí i, mo yí i po, bẹ́ẹ̀ ni mo bú sẹ́kún. Ìyá mi rò pé ìgò ló gé mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí. Ó gbọ́ mi tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró rẹ̀.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, mà."

"Ṣé èmi lo fọ ìgò fún?" ó ní. "Dìde ńlẹ̀ yẹn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lọ bá tíṣà yín, kí o lọ bá ọmọ yẹn lónìí."

Mo sá lọ sílé tíṣà tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó ń lẹ ọ̀kan nínú ṣòkòtò méjèèjì yẹn, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó gbé ṣòkòtò náà sílẹ̀.

"Ìwé ti lọ," ó ní. "Ohun tó kọ ni wọ́n máa wò, kì í ṣe ohun tí o sọ fún mi. Bí o bá kọ àyè náà sílẹ̀, ẹni tó ṣe ipò kejì ni wọn yóò mú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì wà láàárín òun àti Jẹ́jẹ́. Kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Ǹ bá sọ ohun míì fún ọ ká ní ó wà."

Mo gba àyè náà nígbẹ̀yìn, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe fẹ́ jáde, tíṣà tún pè mí padà. Ó ń wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ohun kan ni kò yé mi. Omi wà lórí gbogbo tábìlì. Jẹ́jẹ́ tí mo mọ̀ kò lè lo ìgò láìyẹ̀ ẹ́ wò." N kò dúró dá a lóhùn, mo ti ń sáré.

Ilẹ̀kùn ilé wọn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lóde, ó ń bá oní-kẹ̀kẹ́ kan tó máa gbé wọn dé ibùdókọ̀ sọ̀rọ̀. Mo bá Jẹ́jẹ́ nínú ilé, ó ń ká aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń fọwọ́ nà án, bí ẹni pé ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa wọ̀ ọ́.

"O kò sọ fún mi pé òní ni," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sídìí tí a ó fi máa dúró mọ́. Jókòó."

N kò jókòó. "Jẹ́jẹ́, èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Àwọn ìgò yẹn, álíkálì ni mo fi…"

"Mo mọ̀," ó ní.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bó ṣe ń sọ gbogbo nǹkan. Ó ká aṣọ náà tán kó tó gbójú sókè.

"Èmi máa ń kọ́kọ́ kán omi-atọ́ka sínú ìgò kí n tó fa álíkálì sí i. Ìwọ kì í dúró wò mí ni. Mo kán an sínú ìgò kìn-ín-ní, ìgò òfìfo, ó pọ́n. Mo kán an sí èkejì, ó pọ́n. Ẹ̀kẹta náà pọ́n."

"Kí ló wá dé tí o kò fọ̀ wọ́n? Omi wà níwájú rẹ!"

"Omi wà níwájú mi," ó ní. "Mo wo omi yẹn títí. Kíákíá, mo ti ń rí ojú tí o fi ń wo aṣọ obìnrin yẹn láti ọjọ́ tó ti wá. O kò sọ nǹkan kan fún mi, mo sì ń dúró kí o sọ ọ́. Nídìí búrẹ́tì, o máa ń yára, àmọ́ o kì í ṣì. Nígbà tí mo rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pọ́n, mo ní, bí ìwọ tí mo mọ̀ bá lè ṣe irú èyí sí mi, á jẹ́ pé ó wù ọ́ ju bó ṣe wù mí lọ. Mo wá fi sílẹ̀ fún ọ."

N kò mọ ìgbà tí mo gbá a lápá mú. Mo ní àṣìṣe ni. Mo sọ ti ìyá mi fún un, mo sọ ti ọṣẹ, ti ìgò, ti omi tó máa ń kù nídìí ìgò, ti gbogbo ọjọ́ Sátidé tí òun kò fi bá mi dé ilé rí. Mo sọ ọ́ kánkán, ọ̀rọ̀ ń gun orí ara wọn. Mo ní lóòótọ́ ni ó wù mí, àmọ́ mo ti fi í sílẹ̀ fún un kó tó fi í sílẹ̀ fún mi. Mo ní torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni ọwọ́ mi kò fi dúró.

Ó wò mí. Ó wo ẹnu mi, ó wo ọwọ́ mi tó di apá rẹ̀ mú. "Àṣìṣe?" ó ní.

"Àṣìṣe ni. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó jókòó sórí àpò náà. Jẹ́jẹ́ tí kò sunkún ní ọ́fíìsì, tó dì mọ́ mi tó sì kí mi, ó bojú, ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́jẹ́ rárá. Mo kúnlẹ̀ tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá, ó ní, "Àbúrò mi, ó ti tó, kẹ̀kẹ́ ń dúró." Ó wọlé, ó fà á dìde, ó gbé àpò náà sí èjìká rẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kí Jẹ́jẹ́ tó yíjú padà sí mi.

"Ká ní mo mọ̀ pé àṣìṣe ni," ó ní, "ǹ bá ti fọ̀ wọ́n."